Owó tí àdúgbò ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń rì wáyà fáíbà, àpò oníṣòwò ló ti ń jáde

Kò sí oníṣòwò kékeré lóde òní tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní dátà. Aránṣọ tó ń fi àwòrán sítáì ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp ń ra dátà. Ayàwòrán tó ń fi fọ́tò ìgbéyàwó ránṣẹ́ sáwọn ẹbí ìyàwó tó wà lókè òkun ń ra dátà. Ẹni tó ń tẹ káàdì àti pósítà, tó tún ń bá àwọn ọmọ iléèwé gba fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà ló fi ń jẹun. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, ti gbà fáwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láti fi owó lé owó wọn títí dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, owó dátà ti kúrò ní owó tí èèyàn ń yọ lápò láìrò ó. Ó ti di ohun tí à ń kọ sínú ìwé ìnáwó pẹ̀lú owó ṣọ́ọ̀bù àti owó iná.

Ọ̀nà tó dáa ju ìyẹn lọ wà, òun náà ni fáíbà. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi ipNX, FibreOne àti MTN ti ń fà á wọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù láwọn àdúgbò kan l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òpópónà tí àwa oníṣòwò kékeré wà, níbi tí ilé ìgbé àti ṣọ́ọ̀bù ti dà pọ̀ mọ́ra wọn, kò tí ì rí i. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dà báyìí, ìjọba la máa ń dá lẹ́bi, tàbí ká ní àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò ka aráàlú sí. Wọ́n ní ẹ̀bi tiwọn lóòótọ́, èmi kò ní gbèjà wọn. Èyí tó kan àwa fúnra wa ni mo fẹ́ sọ lónìí. Owó tí àwọn ẹgbẹ́ onílé, àwọn ọmọ àdúgbò àti àwọn ọmọ onílẹ̀ kan ń bù lé àwọn tó bá fẹ́ fa fáíbà wọ òpópónà wà lára ohun tó ń lé e sá. Àwa oníṣòwò, tí ẹnikẹ́ni kò pè síbi tí wọ́n ti ń pín owó náà, la sì ń san án.

Kí ẹni tí kò tí ì rí i rí lè mọ ohun tí à ń sọ, fáíbà kì í ṣe wáyà bàbà. Okùn dígí ni, tó tín-ín-rín bí irun orí, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í ṣe iná ẹ̀lẹ́tíríìkì. Láti ibùdó ilé-iṣẹ́ tó ni ín, wọn yóò fa okùn náà wá sí àdúgbò, yálà kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ ni o, tàbí kí wọ́n fi kọ́ òpó. Tó bá dé òpópónà, àpótí kékeré kan ni wọ́n fi ń pín in. Okùn kan ṣoṣo lè pín sí ilé méjìlélọ́gbọ̀n tàbí mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Inú àpótí yìí ni wọ́n ti ń fa tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó bá sanwó, wọn yóò wá gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń pín Wi-Fi síbẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti dátà orí fóònù ni pé gbogbo àdúgbò ló jọ ń pín òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lò. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo èèyàn darí wálé, tí kálukú ń wo fídíò, ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà yóò kàn máa wo fóònù tó ń yí bírípo ni. Fáíbà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ míì tilẹ̀ ń fúnni ní ìyára kan náà, yálà ohun tó ń wọlé ni o tàbí ohun tó ń jáde, ohun tó ń jáde yìí ló sì ṣe pàtàkì jù fún ayàwòrán àti ẹni tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bákan náà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé sínú ṣọ́ọ̀bù yìí kì í jẹ iná púpọ̀, bátìrì kékeré lè gbé e fún ọ̀pọ̀ wákàtí nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ àpótí tó ń pín okùn yẹn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà. Gbígbẹ́ ilẹ̀ àti fífa okùn dé òpópónà ló ń gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ jù. Tó bá ti dé ibẹ̀, àtifà á wọ ṣọ́ọ̀bù kan kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Ìdí nìyẹn tí fáíbà kì í fi í wá nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Oníṣòwò kan lè pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ohun tí wọn yóò máa sọ fún un ni pé àwọn kò tí ì dé àdúgbò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní N3,000,000 ni yóò ná ilé-iṣẹ́ kan láti fa fáíbà wọ òpópónà kan. Bó bá jẹ́ èèyàn mẹ́rin ló fẹ́ ẹ níbẹ̀, N750,000 ló wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ọgbọ̀n èèyàn, ó di N100,000. Wàyí o, ká ní àwọn alága àdúgbò ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú N600,000 wá kí wọ́n tó lè ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀. Owó ti di N3,600,000 nìyẹn. Bí oníbàárà bá tó ọgbọ̀n, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan di N120,000. Bí wọn kò bá ju mẹ́rin lọ, ó di N900,000. Ilé-iṣẹ́ kò ní ibòmíì tó ti fẹ́ rí owó náà pa dà ju àpò oníbàárà lọ. Bó bá rí i pé kò lè rí i pa dà, yóò kó irinṣẹ́ rẹ̀, yóò lọ sí òpópónà tí wọn kò ti ní dá a dúró.

Kì í ṣe pé íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún kò dé ọ̀dọ̀ wa. Okùn ńlá tó gba abẹ́ òkun wá sí etíkun Èkó ti ju márùn-ún lọ. MainOne gúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún 2010, Equiano tó jẹ́ ti Google náà gúnlẹ̀ lọ́dún 2022. Síbẹ̀, ètò tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lọ́dún 2020, pé kí íntánẹ́ẹ̀tì tó yára dé ọ̀dọ̀ ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kó tó di ìparí ọdún 2025, kò ṣeé ṣe. Nǹkan bí ìdajì la wà nígbà tí ọdún náà parí, orí fóònù sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú, ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìjọba ti ń gbìyànjú láti já owó tiẹ̀ wálẹ̀. Lọ́dún 2013, ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè yìí, níbi tí gbogbo gómìnà ti ń jókòó, fẹnu kò pé N145 ni kí ìpínlẹ̀ máa gbà lórí mítà kan fún àwọn tó bá fẹ́ rì wáyà gba ojú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò tẹ̀ lé e, wọ́n ń gba èyí tó wù wọ́n. Ṣùgbọ́n lóṣù karùn-ún ọdún 2020, ìjọba Èkìtì lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí já tiwọn wálẹ̀ láti N4,500 sí N145. Lọ́dún 2022, ìpínlẹ̀ Anambra ní àwọn kò gba kọ́bọ̀ mọ́. Èkó náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2020 lórí páìpù àjùmọ̀lò tí wọ́n ń rì sábẹ́ ilẹ̀, kó má baà di pé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbẹ́ ojú títì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2024 pé kí wọ́n fa fáíbà tó gùn tó 90,000 kìlómítà kún èyí tó wà nílẹ̀.

Owó ìjọba ń wálẹ̀, owó àdúgbò kò wálẹ̀. Ti ìjọba ní iye, ó ní rìsíìtì, ó sì níbi téèyàn ti lè lọ béèrè. Ti àdúgbò, ojú la fi ń wo ẹni tó wá, ká tó mọ iye tí a máa bù lé e. Alága gba tiẹ̀ tán, àwọn ọ̀dọ́ ní tàwọn ńkọ́? Wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ tán, ọmọ onílẹ̀ yọ lókèèrè. Kí wọ́n tó dé ìdajì òpópónà, owó tí wọ́n fẹ́ fi ra wáyà ti tán sí ọwọ́ àwọn tí kò gbẹ́ ilẹ̀, tí kò sì ní í lo fáíbà.

Mo mọ ohun tí àwọn onílé yóò sọ, òótọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ní àwọn ló dáwó ra tiransifọ́mà, àwọn ló dáwó ṣe gọ́tà, àwọn ló fi kọnkéré sí ojú títì nígbà tí ìjọba kò yọjú. Ilé-iṣẹ́ kan wá gbẹ́ ẹ, ó da yẹ̀pẹ̀ bò ó, ó lọ. Òjò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo rọ̀, kòtò ṣí sílẹ̀, mọ́tò kò lè kọjá mọ́. Ta ló máa tún un ṣe? Ẹni tó bá bi mí ní ìbéèrè yìí kò jẹ̀bi rárá.

Ṣùgbọ́n oògùn orí fífọ́ kọ́ ni kí a bẹ́ orí. Bó bá jẹ́ ìbàjẹ́ ojú títì là ń bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pé àwọn yóò tún ibi tí àwọn bá gbẹ́ ṣe, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọn yóò parí rẹ̀. Bí ọkàn ẹgbẹ́ kò bá tún balẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ fi owó ìdánilójú sílẹ̀, tí wọn yóò gbà pa dà nígbà tí ojú títì bá ti rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Owó tó máa pa dà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín ń dáàbò bo àdúgbò. Owó tí wọ́n gbà tí wọ́n pín, kò tún kòtò kankan ṣe. Bí ẹgbẹ́ bá gba owó tán, tí kòtò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, kí ni wọ́n gba owó náà fún?

Ohun kejì tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni àdéhùn ẹlẹ́nì kan. Ní àwọn ibì kan, pàápàá láwọn ẹ́sítéètì tó ní géètì, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn alága máa ń bá tọwọ́ bọ̀wé, wọn yóò sì ní ẹlòmíì kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ ká rántí bí ọ̀rọ̀ GSM ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 2001, ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka owó ìpè. Ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, owó odidi ìṣẹ́jú kan ni yóò san. A ké títí, wọ́n ní kò tí ì ṣeé ṣe láti ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá. Ọdún 2003 ni Glo wọ ọjà, ó fi kíka owó ní ìṣẹ́jú àáyá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe sì di ohun tí àwọn yòókù náà ń ṣe. Kì í ṣe àánú ló ṣe wọ́n, nítorí ẹlòmíì ti dé ni. Òpópónà tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ilé-iṣẹ́ kejì ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyà. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí wọn kò wá tún un ṣe, ta lẹ fẹ́ sá lọ bá?

Ta wá ni ń ṣe gbogbo ìpinnu yìí? Ẹ lọ wo ìpàdé onílé tí wọ́n ń ṣe lóṣooṣù. Àwọn lánlọ́ọ̀dù ló ń jókòó síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ̀yìn tì, dátà tí wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ wọn tó wà nílùú òyìnbó sọ̀rọ̀ ti tó wọn. Aránṣọ, onífọ́tò, onítẹ̀wé, àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń ta aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti inú yàrá kan, ayálégbé ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Wọn kò sí níbẹ̀. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ wà níta, àwọn tí kò wọ bàtà ló wà nínú ilé tí wọ́n ń sọ bó ṣe yẹ kí bàtà rí.

Àwọn onílé náà kò sì ní í pàdánù. Ṣọ́ọ̀bù tó ní fáíbà, yóò rí ẹni gbà á kíákíá. Ayálégbé tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ dáadáa ló ń rí owó ilé san lásìkò. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí oníṣòwò fi bá wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìjà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ níbì kankan, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé àwọn abúlé kan ní Lancashire, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò fẹ́ fa fáíbà lọ síbẹ̀, wọ́n ní èrè kò ní í jáde. Lọ́dún 2011, àwọn ará abúlé dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní B4RN. Wọ́n ra ìpín ìdókòwò nínú rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ fúnra wọn. Èyí tó kàn wá jù níbẹ̀ ni pé àwọn àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ jẹ́ kí okùn náà gba oko wọn kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kò gba owó ojú ọ̀nà kankan. Wọ́n mọ̀ pé báwọn bá gba owó lórí oko kọ̀ọ̀kan, okùn náà kò ní í dé ilé ẹnikẹ́ni, tàwọn náà á sì wà nínú rẹ̀. Ọgbọ̀n pọ́n-ùn lóṣù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì rí gbà yára ju èyí tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé nínú ìlú London nígbà náà lọ. Èmi kò ní kí ẹ lọ ra ṣọ́bìrì. Ohun tí mo ní kí ẹ rí kọ́ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ojú ọ̀nà yẹn.

Kí ni ṣíṣe? Kí àwọn oníṣòwò òpópónà kan kọ́kọ́ jókòó pọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ ju márùn-ún lọ. Ẹ mú ìwé kan, ẹ lọ láti ojúlé sí ojúlé, ẹ kọ orúkọ ẹni tó bá fẹ́ fáíbà, nọ́ńbà ilé rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe àti iye tó ń ná sórí dátà lóṣù. Ìwé yìí ni agbára yín. Ilé-iṣẹ́ tó kọ ẹnì kan sílẹ̀ kò ní í tètè kọ ìwé tí orúkọ ọgbọ̀n èèyàn wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sí ìpàdé onílé kí ẹ tó mú un lọ síbòmíì. Ẹ sọ iye èèyàn tó fẹ́ ẹ, kí ẹ sì tọrọ àyè fún ẹnì kan tàbí méjì láàárín àwọn oníṣòwò tí yóò máa wà níbẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ fáíbà. Kí ẹgbẹ́ wá kọ lẹ́tà kan ṣoṣo fún gbogbo ìdílé àti ọmọ àdúgbò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà.

Nígbà tí ẹ bá ń bá ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀, ó kéré tán, ẹ kọ̀wé sí méjì. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà láti fà á wọlé, iye tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù, bóyá òdiwọ̀n wà lórí iye tí èèyàn lè lò, bí ohun tó ń jáde ṣe yára tó, àti ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń tún un ṣe bí okùn bá já. Ẹni tó jẹ́ ayálégbé gbọ́dọ̀ béèrè bóyá òun lè gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù míì bí òun bá kó kúrò, kó sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù kí wọ́n tó lu ògiri. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni lówó lọ́wọ́ o. Àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ san án sí, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Nígbà tó bá sì wọlé tán, àdúgbò ló máa ṣọ́ ọ. Lọ́dún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu buwọ́ lu àṣẹ tó sọ irinṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ di dúkìá pàtàkì fún orílẹ̀-èdè, ẹni tó bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ gé okùn náà ti rú òfin. Ẹ sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé dígí ni, kò sí bàbà tí wọn yóò rí tà nínú rẹ̀. Ẹ sì sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe gọ́tà tàbí ìpìlẹ̀ ilé ibi tí okùn gbà kọjá kó tó gbẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo oníṣòwò ló nílò fáíbà, mi ò ní tàn yín. Ẹni tó ń fi POS ṣiṣẹ́ nìkan, dátà kékeré inú síìmù rẹ̀ ti tó o. Ẹni tó wà lójú kan ṣoṣo tí kò sí ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè wo Starlink, tó dé Nàìjíríà lọ́dún 2023, bí apá rẹ̀ bá ká a, kó mọ̀ pé ó ń jẹ iná ju ẹ̀rọ fáíbà lọ. Ẹni tó bá sì ní fáíbà kò gbọdọ̀ ju síìmù rẹ̀ nù. Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun bíi mẹ́rin bà jẹ́ nítòsí Abidjan ní Ivory Coast, ọ̀pọ̀ báńkì àti ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà kò sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ náà. Kò sí ohun tí kì í bà jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ irinṣẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè máa fi ọwọ́ lẹ́rán. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìpàdé onílé oṣù yìí ń bọ̀. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ mú ìwé àti bíróò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.